Mo Ní Kí Salamatou Pa Ẹnu Mọ́ Lójú Fèrèsé

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ ní sùúrù kí n sọ ọ́ tán ná. Èmi fúnra mi ti bú ara mi títí ó ti sú mi. Kò sí èébú kan tí ẹ lè mú wá tí n kò tíì gbọ́ láti ẹnu ara mi.

Tèmítọ́pẹ́ ni orúkọ mi. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni mí, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kékeré kan létí ọ̀nà Parakou, ní Tchaourou. Èmi ni mo ń jókòó lójú fèrèsé. Èmi ni mo ń gba aláìsàn wọlé, tí mo ń kọ orúkọ wọn, tí mo sì ń tọ́jú karné wọn, ìyẹn ìwé pélébé tí dókítà ń kọ àìsàn oníkálukú sí.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń wálé lọ́dún. Àwọn ọmọ mi méjèèjì wà nílé ẹ̀kọ́ ní Parakou. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn mi ní ìrọ̀lẹ́, rédíò nìkan ló kù tó ń bá mi sọ̀rọ̀, òun náà kì í sì í dáhùn. Ojú fèrèsé yẹn ni mo ti ń rí èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, kì í ṣe láti fi ṣe àwáwí o.

Èmi ni mo mú Salamatou wọ iṣẹ́. Ọmọ abúlé Alafiarou ni, ìyá rẹ̀ ló ń ta gààrí fún mi. Ìyá náà bẹ̀ mí, mo bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbálẹ̀, láti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kí ó sì máa kó karné láti inú kọ́bọ́ọ̀dù lọ sórí tábìlì dókítà. Kò kàwé lọ títí, àmọ́ ó gbọ́ Nàgó, ó gbọ́ Baatonu, ó sì gbọ́ èdè àwọn Fúlàní. “Tata Tọ́pẹ́,” ìyẹn Àǹtí Tọ́pẹ́, ló ń pè mí, á sì kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn.

Wọ́n á dé ojú fèrèsé, wọ́n á kí mi tán, wọ́n á wá na ọrùn wo ẹ̀yìn mi. “Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́?” Ìyá àgbà kan láti Sanson gbé iṣu mẹ́ta wá lọ́jọ́ kan, iṣu tó tóbi tó sì dán. Mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo ti ń na ọwọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ màdáámù, ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Salamatou ni mo gbé e wá fún.”

Mo ṣọ́ iṣu náà. Inú mi ò dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, Dókítà Akínwùmí pè mí. “Tata Tọ́pẹ́, ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Parakou, ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ṣètò ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ. Ohun tí wọ́n bá kọ́ yín, kí ẹ wá kọ́ gbogbo wa.”

Mo lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Màdáámù Ẹ̀bùnolúwa ló kọ́ wa, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìwé olójú mẹ́fà.

Ojú mẹ́ta àkọ́kọ́ sọ nípa ètò: kí aláìsàn gba nọ́ńbà, kí ó jókòó dé àyè rẹ̀, kí ẹnì kan dúró lójú fèrèsé, kí a má fi àkókò ṣòfò. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Ojú ìwé kẹrin ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní láràárọ̀, kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kí gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, láti orí dókítà títí dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀, kí oníkálukú sì sọ ohun tó rí. Ìkarùn-ún ní ẹnikẹ́ni tó bá rí ewu gbọ́dọ̀ lè dá iṣẹ́ dúró, bó ti wù kó kéré tó. Ìkẹfà ní bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, kí a pe àwọn ẹbí aláìsàn, kí a sọ òótọ́ fún wọn, kí a sì gbọ́ tẹnu wọn.

“Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè,” Màdáámù Ẹ̀bùnolúwa sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ bọ̀ wálé, mo tún ka ojú ìwé kẹrin. Mo rí i lójú ara mi bí gbogbo wa ṣe máa jókòó láàárọ̀, tí dókítà á sì ní, “Salamatou, kí lo rí?” Mo mọ̀ pé yóò ní ohun tó máa sọ. Mo mọ̀ pé gbogbo wọn á gbọ́ ọ. Wọ́n á wá yíjú sí mi, kí ni n ó sọ? Pé ènìyàn méjìdínlógójì ló wá lánàá?

Mo tú pínnì tó wà lára ìwé náà. Mo yọ ojú mẹ́ta tó kẹ́yìn, mo ká wọn, mo tì wọ́n sí ìsàlẹ̀ báàgì mi. N kò fà wọ́n ya. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú, pé n kò ṣáà fà wọ́n ya.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dúró síwájú wọn, mo sì ka ojú mẹ́ta yòókù. Mo wá fi tèmi kún un. Mo ní, “Láti òní lọ, èmi nìkan ni mo gbọ́dọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé. Kò sí ìdúró-kí-èèyàn, kò sí àwàdà, kò sí èdè mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé ìwòsàn ńlá.”

Inú dókítà dùn. “Voilà! Àwa náà ti ń di ilé ìwòsàn gidi.”

Samir, nọ́ọ̀sì wa, fi pẹ́ńsùlù ha orí. “Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Tata, ṣé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ yín nìyí?”

“Gbogbo rẹ̀ nìyí,” ni mo wí.

Mo wo Salamatou. Ó ń mi orí bí ọmọ tó fẹ́ mọ ìwé.

Ètò náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, n ò ní purọ́. Orí bẹ́ǹṣì dákẹ́. Iṣẹ́ yára. Dókítà ń rí aláìsàn kan láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá Salamatou wí lójú èrò nítorí pé ó dúró kí ìyá ọlọ́mọ kan. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kúnlẹ̀: “Ẹ má bínú, Tata.” Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí ó má baà rí ojú ẹnikẹ́ni.

Mo wá ní àwọn aláìsàn fún ara mi. Wọ́n á dé, wọ́n á gba nọ́ńbà, wọ́n á jókòó. Kò sẹ́ni tó ń na ọrùn wo ẹ̀yìn mi mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá èmi náà tàkúrọ̀sọ.

Òjò dé, ibà sì bá a dé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bẹ́ǹṣì kún, àwọn kan jókòó sílẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti Goro dúró níwájú mi, Oumou-Kalsoum ni orúkọ rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan fara tì í, ara bàbá náà gbóná, ojú rẹ̀ sì pa dé.

“Kí ni orúkọ bàbá?”

“Bàbá wa ni, Tata.”

“Mo mọ̀ pé bàbá yín ni. Orúkọ wo ni wọ́n sọ wọ́n?”

Ó wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá ọ̀dọ̀ wa ti mọ ohun tó dé. Bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó ilé kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, pàápàá láàárín èrò. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo ti fẹ́ ọkọ láti ọdún mọ́kàndínlógún, orúkọ bàbá ọkọ mi ò sì tíì jáde lẹ́nu mi rí.

Salamatou ní ọ̀nà tó ń gbà ṣe é tẹ́lẹ̀. Á lọ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó bẹ́ẹ̀, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa pe orúkọ àwọn àgbà ilé náà sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá kan orúkọ tó yẹ, obìnrin náà á tẹ ọwọ́ Salamatou. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò sí ìtìjú. Salamatou á wá kọjú sí mi, á ní, “Báyìí ni wọ́n ń jẹ́, Tata.” Mo ti rí i tó ṣe é nígbà àìmọye, mo sì ti kà á sí eré ọmọdé.

“Ìwé wọn dà?”

“Ọ̀dọ̀ yín ló wà.”

“Ilé wo ní Goro?”

Ó sọ orúkọ ilé náà. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo rí karné kan láti ilé ọ̀hún, Saïd ni wọ́n kọ sí i. Òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. N kò gbé e wò. Ènìyàn mọ́kànlélógún ló wà lẹ́yìn obìnrin yìí.

Mo pariwo láti ibi tí mo wà: “Saïd ni, àbí?”

Gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́. Oumou-Kalsoum fi ìborùn bojú, ó tẹ orí rẹ̀ ba. Ojú ló tì í, nítorí Saïd ni àbúrò bàbá ọkọ rẹ̀, orúkọ òun náà sì wúwo fún un. Èmi kà á sí bẹ́ẹ̀ ni.

Bí mo ṣe ń kọ nọ́ńbà ni Salamatou yọ láti ẹ̀yìnkùlé, aṣọ bẹ́ẹ̀dì kún apá rẹ̀. Ó rí bàbá náà, ó sì dúró gbagidi.

“Tata, bàbá yìí kọ́ ni...”

“Salamatou! Kí ni mo sọ nípa fèrèsé?”

“Mais Tata, bàbá yìí ní...”

“Pa ẹnu mọ́! Ṣé ìwọ ni wọ́n rán lọ sí Parakou? Bọ́ síbi iṣẹ́ rẹ!”

Ó pa ẹnu mọ́. Ó wo bàbá náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò mí, ó sì bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo fi karné Saïd ránṣẹ́ sọ́dọ̀ dókítà.

Bàbá tó wà níwájú wa kì í ṣe Saïd. Yacoub ni, ẹ̀gbọ́n Saïd. Àtọ̀gbẹ ti ń ṣe é láti ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ wa sì ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti máa ń bá a gba oògùn rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú karné kejì. Nínú ti Saïd, ibà nìkan ni wọ́n kọ. Bàbá náà ò lè sọ̀rọ̀, dókítà ò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fún un lọ, ó sì ní kí wọ́n fi kinínì sínú omi oníṣúgà, kí wọ́n so ó mọ́ ọn lára.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ṣúgà ń ṣe lára alátọ̀gbẹ.

Nígbà tí oòrùn yẹ̀ lórí, igbe kan sọ láti yàrá àwọn ọkùnrin. Salamatou ni. “Tonton Samir! Ẹ yọ omi yẹn! Ẹ yọ ọ́! Bàbá Yacoub nìyí, àtọ̀gbẹ ló ń ṣe wọ́n!” Ó wọlé láti pààrọ̀ aṣọ ni, ó bá bẹ́ẹ̀dì tó rin gbindin fún ìtọ̀, ó pe bàbá náà, bàbá náà ò dáhùn. Ó wá wo orúkọ tó wà lára karné níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n gbé bàbá náà lọ sí Parakou. Oumou-Kalsoum jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, orí bàbá wà lórí itan rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún un ju “Ẹ tètè wọlé” lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, dókítà kó gbogbo wa jọ. “Bon. Ta ló mú karné Saïd wá fún bàbá Yacoub?”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Salamatou ló máa ń kó karné wá.”

Ẹ wo ọgbọ́n burúkú. Irọ́ kọ́ ni, òun ló máa ń kó o wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, èmi ni mo mú un, èmi ni mo fi ránṣẹ́.

Dókítà yíjú sí i. “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Salamatou ò wo dókítà. Èmi ló ń wò. Ó dúró dè mí, mo sì mọ̀ pé ó ń dúró dè mí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í pe àgbà ní òpùrọ́ láàárín èèyàn, èmi tí mo mú un wọ iṣẹ́ sì ni àgbà yẹn.

“Bí Tata bá ti sọ bẹ́ẹ̀,” ló wí.

“Kó ẹrù rẹ,” ni dókítà sọ. Ẹ̀rù ń ba òun náà, bí bàbá yẹn bá kú, wọ́n lè ti ilé ìwòsàn rẹ̀ pa.

Ẹrù náà ò tó nǹkan: bàtà kan, ife kan, gèlè kan. Ó rìn dé ẹnu géètì, ó dúró, ó wẹ̀yìn. Àwa mẹ́fà la dúró síbẹ̀, àmọ́ èmi ló wò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé tó ti wà ní títò.

Bàbá Yacoub ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ó lo ọjọ́ mọ́kànlá ní Parakou kó tó padà sí Goro, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan ò ríran bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ̀, Abdoul-Kader, ọkọ Oumou-Kalsoum, wá bá mi lójú fèrèsé. Kò wá jà. Ó fi sùúrù béèrè: “Màdáámù, kí ló ṣe bàbá wa gan-an?”

Mo ní, “Ọjọ́ ogbó ni, arákùnrin. Ẹ máa ṣe sùúrù.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dúpẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Èyí tí mo pa mọ́ Salamatou ò tilẹ̀ lò tó oṣù kan. Mo ti gbàgbé pé Màdáámù Ẹ̀bùnolúwa ti ṣèlérí láti wá wo bí oníkálukú ṣe ń lo ohun tó kọ́. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu géètì, ó ń rẹ́rìn-ín, àpò kan kọ́ ọ lọ́rùn.

Dókítà pe gbogbo wa jókòó. Màdáámù yìn wá fún nọ́ńbà, ó yìn wá fún bẹ́ǹṣì. Ó wá ní, “Ìjókòó àárọ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó ń lọ déédéé?”

Samir wò mí. “Ìjókòó wo?”

“Èyí tó wà ní ojú ìwé kẹrin.”

Dókítà rọra béèrè pé, “Tata Tọ́pẹ́, ojú mélòó ni ìwé yẹn ní?”

“Mẹ́ta,” ni mo wí. Títí dé ibẹ̀, mo ṣì ń purọ́, ní iwájú ẹni tó kọ ìwé náà.

Màdáámù ò bá mi jiyàn. Ó yọ tirẹ̀ jáde, ó gbé e lé dókítà lọ́wọ́. Dókítà ka ojú kẹrin, ó ka ìkarùn-ún, ó ka ìkẹfà. Nígbà tó gbé orí sókè, ó ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni pe àwọn ẹbí bàbá Yacoub láti gbọ́ tẹnu wọn?”

Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Dókítà fúnra rẹ̀ gun alùpùpù lọ sí Goro.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tọkọtaya náà dé. Dókítà fún wọn ní àga, ó sọ òótọ́ fún wọn nípa omi oníṣúgà àti karné tí kì í ṣe ti bàbá. Abdoul-Kader di ọwọ́ méjèèjì mú láàárín orúnkún. Dókítà wá kọjú sí ìyàwó rẹ̀. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ lójú tiyín?”

Oumou-Kalsoum sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. “Wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá wa. Mi ò lè pè é. Wọ́n wá pariwo orúkọ bàbá wa kékeré, ojú tì mí, mo borí. Ọmọbìnrin tó kó aṣọ lọ́wọ́ yẹn mọ̀ wá. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀.” Ó gbé ọwọ́, ó sì nà án sí mi. “Màdáámù yìí ló sọ fún un pé kó pa ẹnu mọ́.”

“Ta ló mú karné jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù?” dókítà béèrè.

“Àwọn náà ni.”

Samir dìde, ó jáde síta. Abdoul-Kader wò mí pẹ́, ó wá ní, “Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ yẹn.” Ìyẹn nìkan ló sọ fún mi.

Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé pínnì tí mo tú nínú ọkọ̀. Ẹnu mi wá là nígbà tí kò sí ohun tó kù láti fi pamọ́.

Dókítà ò lé mi. Ó ní, “Ẹnì kan ti lọ láìṣẹ̀. Èmi náà ni mo lé e láìwádìí, n ò ní tún fi ìbínú lé ẹlòmíràn.” Ó gba fèrèsé lọ́wọ́ mi. Yàrá ẹ̀yìn ni mo wà báyìí, mo ń ka páálí oògùn. Láràárọ̀ a ń jókòó bí ojú ìwé kẹrin ṣe wí. Bó bá kàn mí, wọ́n á dákẹ́ kí n sọ tèmi, wọ́n á ní “A gbọ́, Tata,” wọ́n á sì bọ́ sórí ẹni tó kàn.

Ní ọ̀sán, wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀wà àti gààrí lábẹ́ igi máńgòrò. Wọn ò lé mi. Ìbá sàn kí wọ́n lé mi. Bí mo bá sún mọ́ wọn, ọ̀rọ̀ á di ti òjò, wọ́n á máa béèrè bóyá á rọ̀ tàbí kò ní rọ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ń gbé abọ́ mi padà sí yàrá ẹ̀yìn, mo sì ń jẹun láàárín àwọn páálí.

Mo lọ sí Alafiarou láti bẹ Salamatou. Mo bá a níwájú ilé ìyá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Tata.” Ó gbé àga, ó bu omi fún mi, ó béèrè ọkọ mi, ó béèrè àwọn ọmọ mi lórúkọ-lórúkọ. Ojú tì mí débi pé mo gbé omi náà kalẹ̀ láìtọ́ ọ wò.

“Salamatou, mo wá bẹ̀ ọ́. Mo pa irọ́ mọ́ ọ.”

“Ẹ má sunkún, Tata. Mo ti dárí jì yín.”

“Nígbà náà, padà wá. Ìwọ ni dókítà fẹ́ kí o wà lójú fèrèsé. Kì í ṣe ìgbálẹ̀ mọ́.”

“Ó ti ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì.”

“Kí ló wá dé? Ṣé nítorí tèmi ni? Bó bá jẹ́ tèmi, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀.”

Ó bó ẹ̀gẹ́ kan tán, ó sọ ọ́ sínú agbada. “Mi ò bínú, Tata. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ará ilé ẹ̀gbẹ́ wa kan gbé ọmọ rẹ̀ kọjá níbí. Mo wo ojú ọmọ náà, mo mọ̀ pé omi ti tán lára rẹ̀. Mo la ẹnu.” Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. “Mo la ẹnu, Tata, mo sì gbọ́ ohùn yín. Ẹ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Mo bá tún pa ẹnu dé.”

“Ọmọ náà ńkọ́?”

“Ìyá mi ló rí i, ló pariwo. Wọ́n sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Ara rẹ̀ ti yá.” Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. “Ṣé ẹ rí i báyìí, kí ni kí n wá ṣe lójú fèrèsé?”

Ó sìn mí dé títì, ó dúró tì mí títí mo fi rí zém tó gbé mi. Ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Mo gun alùpùpù náà, n kò sì lè wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹnì kan bá wà níbi iṣẹ́ yín tí ẹ ti pa lẹ́nu mọ́, ẹ lọ bá a lónìí, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ á máa pa ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Salamatou. Ó ti dárí jì mí, ó sì ti ń bẹ̀rù láti la ẹnu.